Adájọ́ Tó Mú Ìlérí Rẹ̀ Ṣẹ

Ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà kò ju yẹ̀yẹ́ lọ. Lọ́dún 2007, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan, tó mọ̀wé, tí kò sì bá ọlọ́pàá ní nǹkan pọ̀ rí, ṣí ojú ewé kan sórí ìkànnì MySpace lórúkọ igbákejì ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀, ó sì fi ọ̀gá náà ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwàdà lòun ń ṣe. Ọ̀rọ̀ dé etí ọlọ́pàá, ó di ẹjọ́. Ìyá rẹ̀ bá a lọ sí kóòtù ní Wilkes-Barre, olú-ìlú káúńtì Luzerne ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, Amẹ́ríkà. Lọ́kàn ìyá, adájọ́ yóò jágbe mọ́ ọmọ, yóò bá a wí dáadáa, tìyá-tọmọ yóò sì jọ darí sílé. Wọ́n na ìwé kan sí i pé kó fọwọ́ sí i, ó sì fọwọ́ sí i. Kò mọ̀ pé ìwé náà ló gba agbẹjọ́rò kúrò lẹ́yìn ọmọ òun.

Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí adájọ́ fi parí ẹjọ́. Oṣù mẹ́ta ní àtìmọ́lé. Wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ sọ́wọ́ ọmọ náà níṣojú ìyá rẹ̀, wọ́n sì mú un lọ.

Mark Ciavarella ni adájọ́ náà ń jẹ́. Nígbà tí ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n: pé òun àti adájọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Michael Conahan, gba owó tó lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ àtìmọ́lé àwọn ọmọdé àti ẹni tó wà lára àwọn tó ni ín. A óò dé ibi owó yẹn. Owó náà dẹ́rù bani lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó gba oorun lójú èmi nínú ìtàn yìí ni pé ọkùnrin náà kò tan àwọn tó dìbò fún un jẹ. Ó sọ ohun tí òun yóò fi ojú ọmọ wọn rí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì ṣe é.

Luzerne kì í ṣe ìlú ńlá, kì í sì í ṣe ìlú oko. Nǹkan bí 320,000 ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀, ní ẹ̀bá odò Susquehanna. Èédú ló kó àwọn baba ńlá wọn débẹ̀ láti Wales, Ireland, Poland àti Italy. Ní 1959 odò náà ya wọ inú ihò èédú Knox, ó gbẹ̀mí ọkùnrin 12, iṣẹ́ èédú abẹ́ ilẹ̀ lágbègbè náà kò sì gbérí mọ́. Ní 1972, òjò ìjì Agnes tún mú kí odò kan náà kún bo Wilkes-Barre. Níbi tí iṣẹ́ bá ti wọ́n tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìjọba ni iṣẹ́, ẹni tí èèyàn sì mọ̀ ló ń gbé èèyàn débẹ̀. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ ti jẹ̀bi pé wọ́n gba owó ẹ̀yìn kí wọ́n tó fún tíṣà níṣẹ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ èdè "ta lo mọ̀ níbẹ̀?" ní Ìbàdàn tàbí l'Ékòó kò nílò ògbufọ̀ ní Luzerne.

Ìdìbò ni wọ́n fi ń yan adájọ́ níbẹ̀. Ó lè ya àwa lẹ́nu, torí pé lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, gómìnà ló ń yan adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ lẹ́yìn tí NJC, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́, bá ti dá orúkọ rẹ̀ lábàá. A kì í rí fọ́tò adájọ́ lára ògiri pẹ̀lú àmì ẹgbẹ́ òṣèlú. Ní Pennsylvania, ẹni tó bá fẹ́ jókòó sí kóòtù káúńtì, tí wọ́n ń pè ní Court of Common Pleas, yóò polongo bí olóṣèlú gidi, yóò náwó, yóò bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́ níbi àsè. Bó bá wọlé, ọdún 10 gbáko ni. Tí ọdún 10 bá pé, kò ní bá ẹnikẹ́ni du ipò náà mọ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni yóò dá wà lórí ìwé ìdìbò, wọn yóò sì bi ará ìlú bóyá kó dúró tàbí kó máa lọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Ta ló mọ ohun tí adájọ́ ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́? Pàápàá adájọ́ àwọn ọmọdé: ilẹ̀kùn kóòtù rẹ̀ máa ń wà ní títì, kí orúkọ ọmọ má baà bàjẹ́ láwùjọ. Aṣọ tí òfin dá láti fi bo ọmọ láṣìírí, adájọ́ ló fi bora.

Conahan wọlé ní 1993, Ciavarella ní 1995. Ọmọ bíbí Wilkes-Barre ni Ciavarella, láti 1996 òun ló sì ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọmọdé. Ó ní òun le, kò sì fi pamọ́. Nígbà tó di 1999, ọmọ ilé ìwé méjì yìnbọn pa àwọn ènìyàn níléèwé Columbine ní ìpínlẹ̀ Colorado, jìnnìjìnnì bo gbogbo Amẹ́ríkà, ilé ìwé kò sì fẹ́ fojú fo ohunkóhun mọ́. Ọmọ tó bá jà níbi oúnjẹ ọ̀sán, ọmọ tó bá sọ̀sọkúsọ sí tíṣà, nǹkan tí pàṣán tàbí ìbáwí olùkọ́ àgbà ìbá parí láyé ijọ́un, kóòtù ló ń gbà lọ. Ciavarella a máa lọ bá àwọn ọmọ nílé ìwé wọn. A máa sọ ọ́ fún wọn lójúkojú pé ẹni tó bá ṣẹ̀ tó sì dé iwájú òun, òun yóò rán an lọ. Ọ̀gá ilé ìwé fẹ́ràn rẹ̀. Òbí tí ọmọ rẹ̀ kò tíì kó sí i lọ́wọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ní 2005 ọdún 10 rẹ̀ pé, wọ́n bi ará ìlú bóyá kó dúró. Wọ́n ní kó dúró.

N kò lè dá wọn lẹ́bi tán. Bí ẹnìkan bá dìde lọ́la ní àdúgbò mi, tó ní òun yóò kó gbogbo àwọn ọmọ tó ń da ìgboro rú, ọwọ́ tèmi náà lè wà lókè. Nígbà tí wọ́n bá ní "àwọn ọmọ burúkú yìí", ọmọ ti ilé kejì ló máa ń wá sí èèyàn lọ́kàn. Àwọn tó ṣáájú wa mọ̀ pé bó ti wù kí ọmọ ṣẹ̀ tó, bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún nà án, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Kóòtù Ciavarella kò ní ọwọ́ òsì. Ní Pennsylvania lápapọ̀, nínú ọmọ 10 tó bá dé kóòtù, bí ẹyọ kan ni wọ́n ń rán kúrò nílé. Lọ́dọ̀ Ciavarella, nínú mẹ́rin, ẹyọ kan ni.

Ìlérí kan wà tí kò mú ṣẹ o. Ní 2001, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìpínlẹ̀ náà wọ́gi lé ìdájọ́ tó ṣe lórí ọmọ ọdún 13 kan, nítorí pé ó dá ọmọ náà lẹ́jọ́ láìsí agbẹjọ́rò lẹ́yìn rẹ̀. Láti 1967 ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà ti sọ agbẹjọ́rò di ẹ̀tọ́ ọmọdé, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Gault. Kò sí adájọ́ tó lè ní òun kò gbọ́. Ciavarella sọ fún ìwé ìròyìn pé irú rẹ̀ kò ní wáyé lọ́dọ̀ òun mọ́, pé ọmọ tó bá tilẹ̀ ní òun kò fẹ́ agbẹjọ́rò, òun yóò fún un ní ọ̀kan. Ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn ènìyàn kà á, ó tán síbẹ̀. Láàárín 2003 sí 2008, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tó dúró níwájú rẹ̀ ni kò ní agbẹjọ́rò. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́ ni Yorùbá ń pè ní àgbà òṣìkà. Ní ti ọkùnrin yìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọmọ kò tíì lanu tán tí ẹjọ́ ti parí.

Wàyí o, owó.

Conahan ló mọ ọ̀nà rẹ̀ jù. Ní 2002 ó di adájọ́ àgbà káúńtì, ìyẹn ẹni tí ìnáwó kóòtù wà lábẹ́ rẹ̀. Káúńtì ní àtìmọ́lé ọmọdé tirẹ̀, ilé àtijọ́ kan. Kí ọdún náà tó parí, Conahan gbá owó kúrò nídìí ilé yẹn, ó sì ní kóòtù kò ní rán ọmọ lọ síbẹ̀ mọ́. Ilé tí kò ní owó, tí kò ní ọmọ, ó di dandan kó kógbá wọlé. Ní oṣù kejì 2003, ilé tuntun kan tí kì í ṣe ti ìjọba, PA Child Care, ṣílẹ̀kùn ní Pittston Township. Agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Robert Powell wà lára àwọn tó ni ín. Robert Mericle, ọ̀kan lára àwọn kọ́ńtírákítọ̀ ńlá agbègbè náà, ló kọ́ ọ. Mericle yọ 997,600 dọ́là, wọ́n pè é ní owó alárinà, owó náà sì gba ọ̀nà kọ́rọ́ kó tó wọ àpò àwọn adájọ́ méjèèjì. Ní 2004, káúńtì fọwọ́ sí i pé òun yóò háyà ilé náà fún 20 ọdún, ní mílíọ̀nù 58 dọ́là. Ní 2005, wọ́n ṣí èkejì sí ìhà ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà.

Àwọn adájọ́ méjèèjì àti ìyàwó wọn ní ilé ìgbafẹ́ kan ní Jupiter, Florida, tí wọ́n fi sábẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ kan. Powell ń san ohun tí ìwé pè ní owó háyà fún ilé náà, àti owó ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Nígbà tó yá, owó bébà ló ń dì sínú páálí FedEx tí wọ́n ń gbé lọ fún wọn. Powell fúnra rẹ̀ ní ọkọ̀ ojú omi ìgbádùn kan tó sọ ní Reel Justice. Orúkọ náà fi kẹ̀kẹ́ okùn ìdẹ ẹja àti ọ̀rọ̀ òdodo ṣeré nínú gbólóhùn kan. Àwàdà lọ́yà nìyẹn. Tiwa náà wà nílẹ̀ fún un: ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Ibi tó ń dùn mí jù kò tíì dé. Adájọ́ nìkan kọ́ ló ń jókòó sí kóòtù. Agbẹjọ́rò ìjọba wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Lọ́yà ọ̀fẹ́ tí káúńtì ń sanwó fún ń wọlé, ó ń jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ọmọ lẹ́yìn ìdájọ́ wà níbẹ̀. Àwọn ilé ìwé mọ ọmọ tí wọ́n fà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, wọ́n sì mọ ìjókòó tó ṣófo ní kíláàsì lọ́jọ́ kejì. Gbogbo wọn kàwé, púpọ̀ nínú wọn mọ òfin. Ìgbìmọ̀ tí ìpínlẹ̀ gbé dìde ní 2009 láti wádìí ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ìjábọ̀ rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2010 kò sì fi ìdákẹ́jẹ́ wọn bò rárá. Ẹ wò ó bó ṣe rí: ẹni tó ni iṣẹ́ yín ni adájọ́ àgbà, ẹbí rẹ̀ sì ni alákòóso kóòtù, tí òun náà wá jẹ̀bi olè owó ìjọba lẹ́yìn náà. Ọmọ yín ń bẹ nílé ìwé, ilé yín wà lórí gbèsè báńkì. Ọmọ tí wọ́n ń mú lọ yìí kì í ṣe tiyín. Ẹ ó gbójú sílẹ̀, ẹ ó ṣí fáìlì tó kàn.

Ẹnìkan tilẹ̀ gbìyànjú. Ní 2006, ìwé ẹ̀sùn tí kò ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́ dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń bá adájọ́ wí ní Pennsylvania, ó sì dárúkọ Conahan. Ìgbìmọ̀ sún un sẹ́yìn, ibẹ̀ ló sì sùn sí.

Ìyá ọmọ MySpace kò ní tirẹ̀ láti sún sẹ́yìn. Ó pe Juvenile Law Center ní Philadelphia, àwọn agbẹjọ́rò tó ń jà fún ọmọdé. Wọ́n gba ọmọ náà jáde kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo iye ọmọ tó ti bá ọ̀nà kan náà lọ láìní agbẹjọ́rò. Ní oṣù kẹrin 2008, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ìpínlẹ̀ náà lọ. Ó lé ní oṣù mẹ́jọ tí wọ́n fi dúró. Ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní 2009, ilé ẹjọ́ dá wọn lóhùn pé rárá, kò sì sọ ìdí kankan. Ní ọjọ́ 26 oṣù kan náà, agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ jáde sí gbangba pé àwọn ti fẹ̀sùn kan adájọ́ méjèèjì. Ẹ wá rí bí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ yẹn ṣe sáré tún ohùn pa dà! Ó yan Arthur Grim, adájọ́ láti káúńtì Berks, pé kó tú fáìlì wọ̀nyẹn palẹ̀. Kí 2009 tó parí, ilé ẹjọ́ náà ti pàṣẹ kí wọ́n pa ìdájọ́ Ciavarella láti 2003 sí 2008 rẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Ọmọ tó ju 2,000 lọ ni orúkọ wọn bọ́ nínú ìwé kóòtù.

Àwọn adájọ́ náà kọ́kọ́ ti bá ìjọba ṣàdéhùn: kí wọ́n gbà pé wọ́n jẹ̀bi, kí wọ́n sì lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù 87. Edwin Kosik, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ tí ẹjọ́ wà níwájú rẹ̀, dà á nù ní oṣù keje 2009. Ó wò ó pé ẹnu ni wọ́n fi jẹ́wọ́, wọn kò gba ẹ̀bi náà sọ́kàn. Conahan padà gbà pé òun jẹ̀bi. Ọdún 17 ààbọ̀ ni wọ́n fún un ní 2011. Ciavarella ní òun yóò jà. Ní oṣù kejì 2011 ó sọ fún ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà pé lóòótọ́ òun gba owó, òun kò sì san owó orí lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò ta ọmọ kankan. Nínú ẹ̀sùn 39, wọ́n dá a lẹ́bi lórí 12, títí kan ti 997,600 dọ́là yẹn, wọ́n sì dá a láre lórí 27.

Mo ti rò ó lọ, rò ó bọ̀, mo sì gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òtítọ́ ni ìyẹn lójú ara rẹ̀. Kó tó rí kọ́bọ̀ nínú owó Mericle ló ti ń rán ọmọ lọ láìsí agbẹjọ́rò. Ẹjọ́ ọmọ ọdún 13 yẹn ti wà ní 2001. Owó bá a lẹ́nu iṣẹ́ tí ìlú ti ń kí i kú iṣẹ́ sí. Bí kò bá sí páálí FedEx kankan, mo bẹ̀rù pé bóyá ni ẹnikẹ́ni ìbá fi gbé e lọ sí kóòtù nítorí àwọn ọmọ yẹn nìkan. Nínú oṣù kẹjọ 2011, Kosik fún un ní ọdún 28.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n ṣì jẹ́ kó lọ sílé kí ọjọ́ ìdájọ́ tó pé. Ó jáde síta pẹ̀lú lọ́yà rẹ̀, ó ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Obìnrin kan ya láàárín èrò, ó sì kígbe mọ́ ọn níwájú kámẹ́rà: ó ń bi í bóyá ó rántí ọmọ òun. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tí Ciavarella kọ́kọ́ rán an lọ, eléré ìjàkadì ni, kò sì ní àkọsílẹ̀ kankan lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kó tó di ìgbà náà. Ní 2010, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ciavarella kò dáhùn. Lọ́yà rẹ̀ ń fà á lọ́wọ́.

Ní 2022, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan, Christopher Conner, ní kí Ciavarella àti Conahan san mílíọ̀nù 206 dọ́là fún nǹkan bí 300 nínú àwọn tí wọ́n fìyà jẹ nígbà èwe wọn. Níbo ni ẹlẹ́wọ̀n yóò ti rí i san? Àwọn ọmọ yẹn ti dàgbà nígbà náà. Wọ́n wá sí kóòtù, wọ́n sọ tẹnu wọn fúngbà àkọ́kọ́, adájọ́ kan sì jókòó, ó gbọ́ wọn. Conahan ti wà nílé rẹ̀ láti 2020, nígbà tí wọ́n ń dín èrò kù lẹ́wọ̀n nítorí àrùn Kòrónà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 2024, Ààrẹ Joe Biden gé ẹ̀wọ̀n nǹkan bí 1,500 ènìyàn kúrú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orúkọ Conahan sì wà níbẹ̀. Scranton ni wọ́n bí Biden sí, ìlú tó fẹ̀gbẹ́ ti Luzerne. Gómìnà Josh Shapiro, ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe, bọ́ síta, ó ní àṣìṣe gbáà ni.

Àwọn ará Luzerne ti fi ìbò bínú. Ní oṣù kọkànlá 2010, wọ́n dìbò pa ètò ìjọba àtijọ́ wọn tì, ìyẹn ètò kọmíṣọ́nà mẹ́ta, tí ọ̀kan nínú wọn ti jẹ̀bi gbígba owó ẹ̀yìn. Láti oṣù kìíní 2012, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 11 ló ń darí káúńtì náà. Ṣùgbọ́n ètò yíyan adájọ́ kì í ṣe ti káúńtì, ti ìpínlẹ̀ ni, ọwọ́ wọn kò sì tó o. Tí ọdún 10 adájọ́ kan bá pé lónìí, orúkọ kan ni yóò wà lórí ìwé ìdìbò Luzerne, àti ìbéèrè kan, àti àyè méjì láti fàmì sí.